Alágogo Ilé Kòkó àti Àpò Àna Rẹ̀

Ilé kan wà ní ìkángun òpópónà tó lọ sí etí òkun, ilé gíga, olókùúta, alájà mẹ́rin, tí gbogbo ìlú ń pè ní Ilé Kòkó. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ yẹn láì tíì dé ibẹ̀ á rò pé kòkó kún inú rẹ̀ dé òrùlé. Irọ́ ni. Ẹ lè gbá ilé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ ò ní í rí hóró kòkó kan ṣoṣo. Ohun tí ẹ máa rí ni àwọn géńdé ọkùnrin tó wọ kóòtù pupa, tí wọ́n ń na ọwọ́ sókè, tí wọ́n ń pariwo orúkọ kòkó láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, bí ẹni pé ọmọ wọn ló sọnù tí wọ́n ń pè é kó wá jẹun.

Nínú ilé yìí ni ọkùnrin kan ti lo ìgbà ayé rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó fa okùn agogo lọ. Á fà á láàárọ̀, ọjà á ṣí. Á fà á nírọ̀lẹ́, ọjà á tú. Láàárín méjèèjì, á jókòó sórí àga kékeré kan lábẹ́ àtẹ̀gùn, á máa nu bàtà ara rẹ̀. Alágogo ni tọmọdé tàgbà ń pè é, kò sì sẹ́ni tó tún rántí orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́.

Agogo kan tún wà tó yàtọ̀ sí ti àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́. Bí ọjà bá dàrú lọ́sàn-án gangan, tí irọ́ bá wọ inú rẹ̀, Alágogo láṣẹ láti fa okùn náà léraléra, gban-gan-gban-gan-gban-gan. Bó bá ti dún bẹ́ẹ̀, gbogbo ẹnu gbọ́dọ̀ pa, ohun tí wọ́n ti tà látàárọ̀ á sì di òfo. Ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ ò lù ú bẹ́ẹ̀ rí. Òun náà ò tíì lù ú bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn láti máa sọ ọ́, pàápàá tó bá ti jẹun yó.

"Bó bá wù mí lónìí," á wí fún ìyàwó rẹ̀, "n ó fa okùn yẹn, gbogbo kòkó ayé á dúró sójú kan."

Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kì í dákẹ́, ẹnu òun náà kì í sì í dákẹ́. "Ẹ ṣeun o, Bàbá Ìbejì," á wí láì gbójú sókè. "Ẹ kọ́kọ́ bá mi dá omi ẹ̀rọ tó ń jò lẹ́yìnkùlé yẹn dúró sójú kan ná. Tó bá gbọ́rọ̀ sí yín lẹ́nu, a ó lọ bá kòkó."

Ohun tó ń dun Alágogo kì í ṣe ẹnu ìyàwó rẹ̀, ó ti mọ́ ọn lára. Àwọn àna rẹ̀ ló ń dùn ún. Àgbẹ̀ oníkòkó ni gbogbo wọn nílé ìyàwó, láti orí bàbá dé orí àbíkẹ́yìn, wọn ò sì ka ọkọ àbúrò wọn sí rárá. Bó bá lọ kí wọn, wọn á gbé àga fún un, wọn á bi í léèrè àlàáfíà, ẹnìkan á wá ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ rárá, á ní: "Ẹ tún rán mi létí, àna wa. Agogo tí ẹ ń lù yìí, ṣé ti ilé ìwé ni àbí ti ṣọ́ọ̀ṣì?" Ẹ̀rín á bẹ́. Bí Alágogo bá ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn, ńṣe ni oúnjẹ á dúró sí i lọ́nà ọ̀fun. Ohun kan ṣoṣo tó ń wá láyé kò ju kí àwọn èèyàn yẹn pe òun ní èèyàn lọ.

Ìyẹn ló mú un sọ ohun tí kò yẹ kó sọ. Lọ́jọ́ kan tí ẹ̀rín wọn pọ̀jù, ó gbé orí sókè, ó ní: "Kòkó tí ẹ̀ ń gbìn yìí, ta lẹ rò pé ó ń bá yín tà á? Èmi ni. Mi ò kàn fẹ́ máa pariwo ara mi ni."

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ àgbà, tí wọ́n ń pè ní Olóko, rọra gbé ife omi rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ̀yin, àna mi? Ẹ̀yin lẹ̀ ń tà á?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó tán. Ọ̀rọ̀ ò pọ̀ mọ́. N ó gbé àpò kan wá bá yín níbẹ̀, ẹ ó bá mi tà á fúnra yín, kí alágbàtà kankan má bá wa dá sí i."

Alágogo ní kò burú.

Kí ẹ tó lè mọ irú kòtò tó gbẹ́ fún ara rẹ̀, ó yẹ kí ẹ gbọ́ bí ilé náà ṣe di ohun tó dà. Nígbà tí àwọn bàbá ńlá àwọn tó ni ín kọ́ ọ, ibi ìkó-ẹrù lásán ni, tí wọ́n fi páànù bò lórí. Kòkó tòótọ́ ló wà níbẹ̀ nígbà náà, nínú àpò, lórí ara wọn, pẹ̀lú eku àti àwọn alábàárù tó ń làágùn. Ẹni tó bá fẹ́ rà á á ki ọwọ́ bọ àpò, á fi hóró kan sẹ́nu, á tutọ́, á ní kò dáa. Wọn á bú ara wọn díẹ̀, wọn á sì tà á. Kò sí ohun tó ṣòroó yé nínú ẹ̀.

Nígbà tó yá, àwọn olówó inú wọn wò ó pé àpò wọ̀nyí ń dí àwọn lọ́wọ́. Eruku rẹ̀ ń ba aṣọ jẹ́, òórùn rẹ̀ ń bá wọn délé. Wọ́n bá kó àpò lọ sí èbúté, wọ́n ní kó máa gbé ibẹ̀, àwọn á máa ta orúkọ rẹ̀ níhìn-ín. Háà, ọjà wá yá! Orúkọ ò wúwo, eku kì í sì í jẹ ẹ́. Ẹnìkan ta kòkó tí wọn ò tíì ká. Ẹnìkejì ní kí ló dé tí òun náà ò ní ta èyí tí wọn ò tíì gbìn. Ẹni tí kò ní kòkó ń tà á fún ẹni tí kò fẹ́ kòkó, onítọ̀hún á sì sáré tà á fún ẹlòmíràn kí ẹnikẹ́ni tó ṣèèṣì gbé e wá bá a nílé.

Èrè ibẹ̀ ni wọ́n fi wó páànù, tí wọ́n fi gbé ilé olókùúta dìde. Ìsàlẹ̀ jẹ́ ti kòkó, òkè rẹ̀ ti kọfí, òkè ìyẹn ti òwú, òkè pátápátá ti ṣúgà. Àwọn ará kòkó ń wo àwọn ará ṣúgà bí aláìníṣẹ́, àwọn ará ṣúgà ní ariwo àwọn ará kòkó ò jẹ́ kí àwọn gbọ́ ariwo tàwọn. Wọ́n ní kí agbẹ́kùúta gbẹ́ igi kòkó sára òpó ẹnu ọ̀nà. Agbẹ́kùúta ò rí kòkó rí. Àwọn tó gbéṣẹ́ fún un náà ò rí i rí. Wọ́n fi ẹnu ṣàpèjúwe fún un, ó sì gbẹ́ ohun kan tó jọ ìbẹ́pẹ tó so sórí ọ̀pẹ. Wọ́n wò ó, wọ́n ní ó jọ ọ́ gan-an, wọ́n pàtẹ́wọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó náà ni wọ́n kọ òfin kan sí gàdàgbà: ỌJÀ KANKAN KÒ GBỌ́DỌ̀ WỌ INÚ ILÉ ỌJÀ.

Iwájú òpó yìí ni Olóko wá dúró sí láàárọ̀ ọjọ́ kan, tòun ti àpò kòkó lórí.

"Ẹ káàárọ̀ o," ó wí fún mẹ́gáàdì. "Ṣé ibí ni wọ́n ti ń ta kòkó?"

"Ibí ni!" Mẹ́gáàdì yọ àyà síta bí ẹni tó ni ilé. "Kò síbòmíràn."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo gbé kòkó wá."

"Ẹ gbé kí ni?"

"Kòkó. Òun ló wà nínú àpò yìí."

Mẹ́gáàdì wo àpò, ó wo Olóko, ó wo òfin ara ògiri. "Bàbá, wọn kì í gbé kòkó wá síbí."

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ ní ibí ni wọ́n ti ń tà á?"

"Ibí ni."

"Kí wá ni wọ́n ń tà?"

"Kòkó ni."

"Èyí tó ń wọ̀ mí lọ́rùn yìí ńkọ́?"

"Ìyẹn? Ẹrù nìyẹn. Ẹ gbé e kúrò lójú ọ̀nà, kí ọ̀gá má baà fẹsẹ̀ kọ ọ́."

Olóko mí kanlẹ̀. Ó wo òpó. "Ìbẹ́pẹ lẹ̀ ń tà ni?" ó bi í. "Ẹ bá mi pe àna mi. Òun ló ń ta gbogbo ẹ̀."

"Ta ni àna yín?"

"Alágogo."

Ẹ̀rín tí mẹ́gáàdì bú sí, ògiri ló gbà á mú. "Alágogo tiwa? Alágogo abẹ́ àtẹ̀gùn?" Ohùn rẹ̀ dé inú ilé. Alágogo gbọ́ ọ, ó fò dìde, bàtà ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́, ó sáré jáde.

"Pa ẹnu dé, ìwọ yìí!" ó jágbe mọ́ mẹ́gáàdì. "Ẹ má dá a lóhùn, àna mi. Iṣẹ́ tirẹ̀ ò dé ibi tí a ti ń sọ̀rọ̀ kòkó. Ẹ jẹ́ ká gba ẹ̀yìn wọlé."

Ẹ̀yìn ni wọ́n gbà lóòótọ́, níbi tí wọ́n ń kó pàǹtírí gbà. Alágogo ti àpò náà sábẹ́ àtẹ̀gùn, sẹ́yìn àga rẹ̀, ó fi kóòtù àtijọ́ kan bò ó lórí.

"Ta ló máa rà á?" Olóko bi í.

"Àìmọye èèyàn. Ẹ ò gbọ́ ariwo wọn ni?"

Olóko tẹ́tí. Lóòótọ́, àwọn èèyàn ń bẹ nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ń ké tòò pé àwọn fẹ́ kòkó, àwọn fẹ́ kòkó. Inú rẹ̀ dùn. Ó gbọn eruku ara rẹ̀, ó padà sílé.

Ohun tí Olóko ò sọ fún àna rẹ̀ ni pé àpò yẹn kì í ṣe kòkó gidi. Kòkó ni, ṣùgbọ́n èyí tó ti pẹ́ ní ìsàlẹ̀ àká ni, tí òjò ti kán sí, tí àwọn tó ń ra kòkó lábúlé ti kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó rò ó pé ojú àwọn ará ìlú ò lè tó o.

Ọjọ́ ń lọ. Bí Alágogo bá délé, ìyàwó rẹ̀ á bi í pé: "Ẹ ti bá ẹ̀gbọ́n mi tà á?"

"Mò ń wo ojú ọjà."

"Ojú ọjà ọ̀hún ńkọ́, òun náà ń wò yín bí?"

Nínú òkùnkùn abẹ́ àtẹ̀gùn, ohun tó wà nínú àpò bẹ̀rẹ̀ sí í jí. Àfòpiná kéékèèké, aláwọ̀ eérú, ń yọ láti ojú rírán àpò, wọ́n ń fò lọ síbi iná gbọ̀ngàn. Alágogo ń fi fìlà lù wọ́n. Bó bá pa ọ̀kan, òmíràn á yọ.

Ẹ ní láti mọ ìwà àwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn yẹn. Wọn kì í béèrè pé ta ló sọ ọ́. Ẹni tó bá dúró béèrè pé ṣé òótọ́ ni, àwọn yòókù á ti rà tán kó tó gbọ́ èsì. Nítorí náà, etí ni wọ́n fi ń jẹun. Ẹni tí ohùn rẹ̀ sì lọ sókè jù láàárín wọn ni ọkùnrin sísanra kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀fun-Irin. Ó ti ta kòkó tó lè kún òkun láyé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni bí wọ́n bá gbé hóró kòkó sọ́wọ́ rẹ̀, á rò pé oògùn ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ọjà tutù, tí gbogbo wọn ń yán, àfòpiná kan fò wá bà lé apá kóòtù Ọ̀fun-Irin. Ó wò ó. Ó ní: "Kí lèyí?"

Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní: "Ó jọ pé kòkòrò ni."

"Kòkòrò kí ni?"

"N ò mọ̀. Bóyá ti kòkó."

Ẹ wò ó, ohun tí ẹnìkejì yẹn sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ojú Ọ̀fun-Irin ti yí. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó fi gbogbo ọ̀fun rẹ̀ pariwo: "Kòkòrò ti wọ kòkó! Mo fẹ́ rà! Mo fẹ́ rà!"

Gbọ̀ngàn dìde. Ẹni tó ń yán gbàgbé láti pa ẹnu dé. Wọ́n ń gun ara wọn léjìká, wọ́n ń fa ara wọn láṣọ ya. "Kòkòrò ti jẹ kòkó tán! Ta ló fẹ́ tà? Kò sí mọ́!" Àwọn kan gbá tẹlifóònù mú, wọ́n ń sọ fún àwọn ìlú òkèèrè. Àwọn ìlú òkèèrè pe àwọn tó jìnnà jù wọ́n lọ. Ẹni tó ń kọ iye sára pátákó fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó ń fi ìka kọ ọ́, nítorí ìka yá ju ṣọ́ọ̀kì lọ. Kí wọ́n tó mọ̀, ìròyìn ti yí ayé ká, ó padà wọlé gba tẹlifóònù pé kòkòrò ti wọ kòkó ní gbogbo ilẹ̀ tó ń gbìn ín. Ọ̀fun-Irin gbọ́ ọ, ó di orí mú. "Ẹ ò rí i! Ṣé mo parọ́?"

Lábẹ́ àtẹ̀gùn, Alágogo ti dìde dúró, okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ tó ti ń fi ẹnu sọ náà dé. Ọjà ti dàrú, irọ́ ti wọ inú rẹ̀, òun nìkan nínú gbogbo ayé ló mọ ibi tí kòkòrò náà ti wá, nítorí òun ló jókòó tì í. Ohun tó kù kò ju kó fa okùn lọ.

Ṣùgbọ́n bó bá fà á, wọn á bi í pé kí ló dé. Bó bá sọ ohun tó dé, wọn á rí àpò. Wọn á lé e lọ, mẹ́gáàdì á ròyìn ẹ̀ káàkiri, ó sì di dandan kó gbé àpò náà padà lọ bá àwọn àna rẹ̀, kó dúró níwájú wọn, kó ní: "Ẹ gbà o, mi ò rí i tà." Ó gbọ́ ẹ̀rín wọn níbi tó dúró sí. Ó rọra fi okùn sílẹ̀, ó jókòó, ó mú bàtà, ó ń nù ún. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó lu agogo ìrọ̀lẹ́ bó ṣe máa ń lù ú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kòkòrò ti gba ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú ìwé ìròyìn. Ọ̀mọ̀wé kan jókòó lórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní òun ti rí i tẹ́lẹ̀, ó tilẹ̀ ya kòkòrò náà, ó fún un ní ìwo. Àwọn ìjọba fi ọkọ̀ òfuurufú rọ oògùn sórí oko tí nǹkan kan ò ṣe.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Olóko ya wọ ilé Alágogo láì kan ilẹ̀kùn. Inú ń bí i débi pé kò jókòó.

"Àna mi, irú ọjà wo lẹ̀ ń ná níbẹ̀ yẹn? Mo gbọ́ lórí rédíò pé kòkó ti gbówó lórí kọjá sísọ. Inú mi dùn, mo kó tèmi jáde. Àwọn tó ń rà á dé, wọ́n ní kòkòrò ti wọ kòkó, àwọn ò lè san iye tí àwọn ń san tẹ́lẹ̀ mọ́! Ó wọ́n lọ́dọ̀ yín, ó pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Àná ni wọ́n tún fi oògùn wẹ̀ mí lórí nínú oko. Èmi fẹ́ mọ ẹni tó gbé kòkòrò wọ ìlú. Bí mo bá rí i, n ó fún un lọ́rùn!"

Ìyàwó Alágogo dá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dúró. Ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí nìyẹn.

"Ẹ jókòó, àna mi," Alágogo wí.

"Mi ò jókòó! Ẹ sọ ọ́ fún mi, ta ni?"

"Àpò yín ni."

"Àpò mi ṣe kí ni?"

"Láti inú àpò yín ló ti jáde."

Olóko fa àga kan. Ó wá jókòó. "Àpò tó wà ní ìsàlẹ̀ àká yẹn?" Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi!" àbúrò rẹ̀ pariwo. "Ìdọ̀tí lẹ gbé bá ọkọ mi?"

"Mo rò pé wọn ò ní í mọ̀."

"Wọn ò sì mọ̀," Alágogo wí.

Àwọn ọkùnrin méjèèjì wo ara wọn. Lẹ́yìn náà ni Olóko sún àga rẹ̀ mọ́ ti àna rẹ̀. "Ṣé a lè fi ọ̀rọ̀ yìí mọ bẹ́ẹ̀?"

"Mo ti fi mọ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ yẹn."

Obìnrin náà wò wọ́n, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ló bá tẹ ẹ̀rọ rẹ̀, ó fi orin sẹ́nu:

*Ẹ bá mi kí baálé mi o,*
*ẹni tó ń dá ayé dúró.*
*Ó gbókùn mú, kò lè fà á,*
*omi ẹ̀yìnkùlé ń jò.*

Láti ọjọ́ yẹn, Olóko ò fi agogo ṣẹ̀fẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kò yé béèrè àpò rẹ̀. Lọ́dọọdún, bó bá ti ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà: "Kòkó mi ńkọ́, àna mi?" "Mo ṣì ń wo ojú ọjà." Ó ti di bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn.

Ilé Kòkó náà ò dúró bó ṣe wà. Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà dé. Kọ̀ǹpútà ń ta kòkó fún kọ̀ǹpútà, kò pariwo, kò sì wọ kóòtù. Ọ̀fun-Irin àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sílé, wọ́n ń bá àwọn ìyàwó wọn pariwo. Àwọn ará ṣúgà kó lọ, àwọn ará òwú tẹ̀ lé wọn. Alágogo nìkan ló kù. Orúkọ rẹ̀ ò sí lára àwọn tí wọ́n dá dúró, nítorí kò sẹ́ni tó rántí pé wọ́n gbà á síṣẹ́ rí. Láràárọ̀ ni ó ń lu agogo fún gbọ̀ngàn òfìfo. Nírọ̀lẹ́, á lù ú kí òfìfo náà lè lọlé.

Nígbẹ̀yìn, olówó kan ra ilé náà láti fi ṣe òtẹ́ẹ̀lì. Obìnrin kan tó ń bá wọn ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ wá wo gbogbo igun, ó dé abẹ́ àtẹ̀gùn, ó ká kóòtù kúrò lórí àpò, ó gbé ọwọ́ lé àyà.

"Kòkó tòótọ́! Òjúlówó! Ta ló ni ín?"

Alágogo dìde. "Àna mi ni."

"Ẹ lè bá mi bẹ̀ ẹ́ kó tà á?"

Báyìí ni Alágogo ṣe ta kòkó. Nínú gbogbo ìtàn ilé yẹn látìgbà tí wọ́n ti wó páànù, kòkó kan ṣoṣo tí ẹnìkan fi ojú rí tó sì rà níbẹ̀ nìyẹn. Ó kó owó rẹ̀ lọ fún Olóko, ó tẹ́ ẹ sí i lọ́wọ́ níwájú gbogbo ará ilé ìyàwó. "Àna mi, mo ti rí i tà." Wọ́n fún un ní àga onítìmùtìmù jókòó. Lọ́jọ́ yẹn, oúnjẹ ò dúró sí i lọ́nà ọ̀fun.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n olówó tó ni òtẹ́ẹ̀lì ní kí Alágogo wá lu agogo nígbà tí wọ́n bá ń ṣí i, Alágogo sì kó ìyàwó rẹ̀ àti àwọn àna rẹ̀ dání láti wá wòran òun. Wọ́n bá àpò wọn láàárín gbọ̀ngàn, nínú àpótí onídígí, iná ń tàn sí i lórí. Ọ̀fun-Irin àti àwọn arúgbó ẹgbẹ́ rẹ̀ náà wà níbẹ̀, wọ́n tún wọ kóòtù pupa, bọ́tìnnì ò pàdé mọ́ lórí ikùn wọn.

Olówó gun orí pèpéle, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ilé. "Àpò tí ẹ̀ ń wò yìí," ó wí, "ni àpò kòkó àkọ́kọ́ tí àwọn tó dá ilé yìí sílẹ̀ tà. Lọ́dún tí kòkòrò jẹ gbogbo kòkó ayé, òun nìkan ni kòkòrò ò fọwọ́ kàn!" Wọ́n pàtẹ́wọ́. Olóko pàtẹ́wọ́ ju ẹnikẹ́ni lọ. "Àwọn akíkanjú tó ná ọjà níbí ló wà níwájú wa yìí. Ìránṣẹ́ kan náà sì tún wà, tó ń bá wọn fa okùn agogo. Òun ò mọ nǹkan kan nípa kòkó ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Ọ̀kan nínú àwọn àna fi ọwọ́ bo ẹnu. Alágogo gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Ẹ̀rín àtijọ́ gan-an ni.

Kò dúró kí wọ́n pè é. Ó gbá okùn mú, ó fà á léraléra: gban-gan-gban-gan-gban-gan!

Ẹnu Ọ̀fun-Irin àti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ pa lẹ́ẹ̀kan náà, ọwọ́ wọn wálẹ̀, bí ẹni tí wọ́n pa iná rẹ̀. Olówó pàápàá dákẹ́, kò mọ ìdí tí òun fi dákẹ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni Alágogo ti pariwo:

"Irọ́ ni! Àpò àna mi ni! Inú rẹ̀ ni kòkòrò yẹn ti jáde! Èmi tí ẹ ní n ò mọ nǹkan kan yìí, èmi ni mo gbé kòkó ayé gun òkè lọ́dún yẹn! Okùn yìí ni n ò fà!"

Lẹ́yìn náà ni Ọ̀fun-Irin bú sẹ́rìn-ín, gbogbo gbọ̀ngàn bá a bú sẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́ débi pé dígí ń gbọ̀n. Olówó gbá a mọ́ra. "Ẹ ò gbọ́ bí bàbá ṣe ń dápàárá! Lójoojúmọ́ ni kó o máa wá ṣe eléyìí fún àwọn àlejò wa." Nínú àpótí, àfòpiná kékeré kan, aláwọ̀ eérú, ń gun dígí lọ sókè. Wọ́n ní ó rẹwà, ó mú kí àpótí náà jọ òótọ́.

Alágogo wo ojú ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà ń nu omi ojú, ẹ̀rín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. "Ẹ wá fà á," ó wí. "Bàbá Ìbejì, ẹ wá fà á!"

"Wọn ò gbà mí gbọ́."

"Èmi gbà yín gbọ́. Kí ẹ wá délé kí ẹ bá mi dá omi yẹn dúró."

Ó wá ojú Olóko láti mọ bóyá inú ń bí i pé òun tú àṣírí. Olóko ò sí níbi tó jókòó sí. Ó ti dé ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́, ó fi ọwọ́ kan tọ́ka sí àpótí, ó ń fi èkejì júwe bí àká rẹ̀ ṣe jìn tó.

"Ẹ má wulẹ̀ wá a lọ síbòmíràn," ó ń wí fún un. "Irú ẹ̀ gan-an, oníkòkòrò, ó kù lọ́dọ̀ mi nílé."